Pesamino Lábẹ́ Ẹní

Bí ẹ bá rí ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí Pesamino kọ́ fún wa, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kí ni ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ fi ilé tó dára ju tòun lọ ṣe! Káfíńtà abúlé wa ni Pesamino, kì í ri òpó kan mọ́lẹ̀ láìgbàdúrà, ìbáà ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀. Bí a bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ọlọ́run ló gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹ̀yin, oúnjẹ nìkan lẹ̀ ń gbé fún mi." Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n ò ní parọ́.

Fuatino, opó àbúrò bàbá mi, ló fẹnu kó bá ara rẹ̀. Bàbá Taulealo, ọ̀gá tó kọ́ Pesamino níṣẹ́, ló ń kọ́lé fún un. Níjọ́ kan tí Fuatino ń gbé kókò àti ẹja fún àwọn òṣìṣẹ́, ó la ẹnu gbàù: "Ẹ̀yin yìí, ẹ ń jẹun ju bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ!"

Yéè! Ta ní í sọ bẹ́ẹ̀ sí káfíńtà ní Samoa? Bàbá Taulealo fi ewé bo oúnjẹ, ó kó irinṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí ọ̀gá bá sì fi ìbínú sílẹ̀, káfíńtà mìíràn kì í fọwọ́ kàn án. Òpó dúró láìlórùlé, ìgbà òjò ń bọ̀, Fuatino àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn sí àtíbàbà ìdáná. Ó lọ bẹ̀bẹ̀ títí, Bàbá ò dá a lóhùn.

Ni Pesamino bá gbé ẹní iyì ìdílé rẹ̀ lówùúrọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń fi irú ẹní bẹ́ẹ̀ borí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń bínú. Bí onílé bá ṣí i, ó ti dárí jì í nìyẹn; bí ò bá ṣí i, ìtìjú gbogbo ẹbí ẹni tó jókòó ni.

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Ṣé ìwọ lo bú wọn ni? Ṣé orí ẹ pé?"

"Orí mi pé. Ilé yẹn ni ò tíì parí."

Ó lọ fi ẹní náà borí jókòó sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Taulealo. Oòrùn ọjọ́ náà mú. A dúró lójú títì, à ń wò ó. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Bàbá Taulealo tó jáde wá ká ẹní náà kúrò. Ó rò pé Fuatino ni, àfi bó ṣe rí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí òógùn bò.

"Ìwọ kẹ̀? Kí lo fi ṣẹ̀ mí?"

"Mo wá bá Fuatino jẹ̀bi ni, Bàbá."

"Obìnrin yẹn bú mi!"

"Ó bú yín lóòótọ́. Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ri òpó àkọ́kọ́, ẹ gbàdúrà, mo ṣe àmín. Ta lẹ sọ pé ẹ̀ ń kọ́ ọ fún? Ṣé Fuatino ni?"

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa ẹní náà, ó fi bo orí ara rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, omijé ti bo ojú rẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ọ̀la ọjọ́ ìsinmi ni. Tó bá di Mọ́ńdè, ká lọ parí iṣẹ́ Olúwa."