Pátánì Kan, Ẹ̀ka Mọ́kànlá

Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ti di ibi tí wọ́n ń ta bàtà. Bí mo bá ń kọjá, fèrèsé kejì ni mo máa ń wò, níbi tí Àǹtí Pátánì máa ń jókòó sí, tí yóò bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, tí yóò máa bá kọ̀ǹpútà wí bí ẹni ń bá ọmọ wí.

Ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn là ń ṣe. Ẹ̀ka mọ́kànlá ló ní: ti oògùn, ti káàdì aláìsàn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe to iṣẹ́ wa pọ̀ di odindi. Ẹ̀dà ara wọn ni gbogbo fáìlì ọ̀hún. Bí ohun kékeré bá yí, ibi mọ́kànlá la ó ti tún un ṣe, a ó sì gbàgbé ọ̀kan. Èmi tí mò ń bójú tó ìnáwó, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Èló-Ni, mo mọ iye owó tí ìyẹn ń fi ṣòfò.

Télọ̀ ni ọkọ Àǹtí. Pátánì bébà kan ló fi kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Òun ló fi ń gé gbogbo ṣòkòtò. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti rí ọgbọ́n. Ó lo ọdún kan gbáko, ó kó ohun tó pa gbogbo ẹ̀ka pọ̀ sínú fódà kan, ó ní kí oníkálukú máa lò ó láti ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dà á kọ mọ́.

Ayé dùn, àfi àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ẹ̀ka mẹ́wàá dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ẹ̀ka oògùn, tí a ń pè ní Kíákíá, ló wọnú fódà àjọni lọ yí ìlà kan padà nítorí ẹ̀ka tirẹ̀.

Ọ̀gá fárígá. "Ẹ pa fódà yẹn rẹ́! Ìkòkò omi kan ṣoṣo, tó bá fọ́, gbogbo ilé lòùngbẹ á gbẹ!"

"Ẹ fún mi di ọ̀sán, sà," ni Àǹtí wí. "Bí wọn ò bá dìde, èmi gan-an á pa á rẹ́."

Ó yíjú sí Kíákíá. "Àbúrò mi, tí ìdí oníbàárà kan bá tóbi, ṣé pátánì ara ògiri la máa gé?"

"Rárá, Àǹtí. Aṣọ tiẹ̀ la máa fi ààyè sí."

"Ẹ̀ka tìẹ ló nídìí ńlá. Kí ló wá kan àwa tí ìdí wa ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ?"

Ẹ̀rín bú. Kíákíá yọ ìlà náà, ó gbé e sí ẹ̀ka tirẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, gbogbo wọn ti dìde.

"Ta ni yóò wá máa ṣọ́ ọ?" Ọ̀gá bi í.

"Kíákíá ni."

"Ẹni tó bà á jẹ́?"

"Ẹni tí iná ti jó rí kì í fi ẹ̀yinná ṣeré, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni fódà náà ṣe dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi nǹkan kún un, Kíákíá á bi í pé, "Ẹ̀ka mélòó ló nílò ẹ̀?" Bó bá jẹ́ ọ̀kan, "Ẹ lọ fi ààyè sí aṣọ yín!" Mo ní ahun rẹ̀ ju tèmi lọ.

Nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀, mo ta tábìlì, mo ta àga, n ò kábàámọ̀. Ohùn Àǹtí lẹ́bàá fèrèsé yẹn ni n ò rí rà padà.