Omi Kò Gbọdọ̀ Wọ Àgọ́ Kàdírì

Nínú gbogbo àwọn tó ń yọ́ irin da ìkòkò ní Ṣakí, kò sí ẹni tí òfin rẹ̀ le tó ti Kàdírì, bàbá Sọ̀fíyàt. Ẹni tó bá fẹ́ tàkúrọ̀sọ nínú àgọ́ rẹ̀ lè ta á; ẹni tó bá fẹ́ jẹun lè jókòó ti òkìtì èédú kó jẹun. Ṣùgbọ́n omi, ì báà wà nínú ike, ì báà wà nínú ọ̀rá, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Òfin náà kì í ṣe ti agídí. Ọ̀dọ̀ Ṣùkúrù, bàbá rẹ̀, ló ti jogún rẹ̀. Láyé ìgbà tí ẹwìrì aláwọ ṣì ń fẹ́ iná, tí àwọn àgbà kì í ka ìkòkò kún ìkòkò àfi bí wọ́n bá fi ìka kàn án létí tí wọ́n sì gbọ́ bó ṣe dún, ẹnìkan gbé igbá omi kọjá lẹ́bàá irin tó ti yọ́. Omi tó ta sílẹ̀ kò tó èyí tí ẹyẹ yóò fi pòùngbẹ. Irin náà bú gbàù, ó fò sókè, ó sì ta sí Kàdírì, tó ṣì jẹ́ ọmọdé, ní èjìká. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Láti ọjọ́ náà ni Ṣùkúrù ti fi í lélẹ̀ pé ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó fara dà á títí wọn yóò fi tú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n da irin sí kúrò lára ìkòkò ìkẹyìn.

Kàdírì pa òfin náà mọ́ ju bí wọ́n ṣe fi lé e lọ́wọ́ lọ. Láti òwúrọ̀ tó bá ti dáná títí oòrùn yóò fi rọ̀, òógùn a máa ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó jáde nínú odò, ṣùgbọ́n omi kì í kan ọ̀fun rẹ̀. Ó ti di ohun ìyangàn fún un. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, a ní iná ló fà á.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán tí òjò kò sì tíì dé, tí koríko ọ̀dàn ti jóná láti Ṣakí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, àwọn ará Òfíkì kan ní kó bá àwọn da ìkòkò ńlá tí wọn yóò máa fi se oúnjẹ ọmọ ilé ìwé. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni méjì: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í da irin náà ni yóò dà á tán, láìdúró. Kàdírì kò fi í fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó ń tẹ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìrora kan mú un lábẹ́ ìhà òsì, tó sì ń wọ́ bọ̀ níwájú títí dé orí itan. Ó ju igi tó fi ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Jẹ́ẹ́dé, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń da agbada ní àgọ́ kejì, rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Jẹ̀dí ti mú ọ! Ta ló ní kí àgbà bíi tìrẹ máa da ṣúgà sí ògì bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú?"

"Ṣúgà tìrẹ ni mo lá?"

"Má jà. Màá fi àgbo ránṣẹ́."

Àgbo jẹ̀dí dé nínú ike, wọ́n fi omidùn rẹ ẹ́. Kàdírì mu ún, ó sì ṣu títí ojú rẹ̀ fi jìn sínú. Ìwọ̀nba omi tó kù lára rẹ̀ bá a lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrora náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora irú èyí ṣe máa ń ṣe: a dìde bí ìjì, a tún rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbo gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìrora náà padà. Lọ́tẹ̀ yìí, èébì bá a wá. Kàdírì jókòó, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tún dìde. Mùyìbátù, ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a ta ìkòkò lọ́jà, ń wò ó.

"Bàbá Sọ̀fíyàt, ṣé ẹ̀ ń rọbí ni? Bí ewúrẹ́ mi ṣe ṣe nìyí nígbà tó kù díẹ̀ kó bí."

"Jẹ̀dí ni, ṣé o gbọ́?"

Ohun tí kò sọ fún un ni pé nígbà tó lọ tọ̀ kó tó ṣe àlùwàlá, ohun tó jáde pupa bí omi tí wọ́n fi ṣan osùn. Ó bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní alátọ̀sí. Ó da omi bùtà lé e lórí, ó sì lọ kírun.

Lọ́jọ́ tí yóò da ìkòkò Òfíkì, iná ti jó dáadáa, irin sì ti ń yọ́, nígbà tí òtútù mú un. Níwájú iná tí ẹlòmíràn kò lè sún mọ́, eyín Kàdírì ń lu ara wọn. Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ bá a, ó wá gba agbada àkàrà tó ní kí wọ́n bá òun dà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Sọ̀fíyàt. Kí ló dé tí ẹ fi ń gbọ̀n?"

"Jẹ̀dí ni, Nọ́ọ̀sì."

"Jẹ̀dí kì í mú èèyàn gbọ̀n báyìí. Ibo ló ń dùn yín?"

Ó fi ọwọ́ tọ ọ̀nà ìrora náà láti abẹ́ ìhà dé orí itan.

"Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ṣé ó ń rọlẹ̀?"

"Kò sí bí mo ṣe lè fi ara sí tó gbà mí."

"Ìtọ̀ yín ńkọ́?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń kó ìkòkò jọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀. "Ó pupa."

Mùyìbátù gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn. "Ara yín ń jó. Ó jọ òkúta inú kíndìnrín. Àyẹ̀wò ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìrora yẹn àti ìtọ̀ pupa nìkan ti tó kí ẹ lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n tí ibà àti ìgbọ̀n bá ti bá a wá, wọn kì í fi í sùn. Òkúta lè ti dí ọ̀nà ìtọ̀, kí àrùn sì há sẹ́yìn rẹ̀."

Kàdírì wo yẹ̀pẹ̀ tó ti tẹ̀ kalẹ̀, níbi tó ti dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí kí èémí gbígbóná lè máa rí ibi jáde.

"Bí ihò èémí tó dí," ló wí.

"Bó bá dí, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Yẹ̀pẹ̀ a bú."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Ẹ dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n da èyí ná. Irin ti yọ́."

Mùyìbátù kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó bu omi kún abọ́, ó sì wá dúró sí ẹnu ọ̀nà àgọ́, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ojú ààlà gan-an.

"Bàbá Sọ̀fíyàt, bí ẹ bá fọwọ́ kan irin yẹn, màá gbé omi yìí wọlé."

"Mùyìbátù! O fẹ́ pa wá?"

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ para yín. Ẹ jáde wá bá mi níta, kí omi má baà wọlé."

Kàdírì wo abọ́ náà bí ẹni wo ejò. Irin ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ obìnrin rẹ̀. Kò fi ẹnu lásán halẹ̀ rí.

"Irin á dì," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Èyí tó dì ṣeé tún yọ́."

Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ́ èédú kúrò nídìí irin. Ó di ògiri mú, ó sì jáde.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo inú rẹ̀ fi òkúta hàn nínú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀. Kíndìnrín òsì ti wú. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí ìtọ̀ tó há lè rọ́nà jáde. Nígbà tí ibà lọ tán ni wọ́n tó yọ òkúta náà, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Dókítà ní ká ní ó dúró da ìkòkò náà, bóyá kíndìnrín nìkan kọ́ ni ì bá bá a lọ. Ó ní kó máa mu omi dáadáa, àgàgà ẹni tí iná ń fa òógùn lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí Kàdírì padà sẹ́nu iṣẹ́, irin náà ṣì wà níbi tó fi í sí, ó dì gbagidi. Kó tó dáná sí i, ó gbé àmù sí abẹ́ igi igbá níta, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ó so aṣọ ìnuwọ́ mọ́ ẹ̀ka igi. Síbẹ̀, omi kò gbọdọ̀ wọlé. Èèyàn ni yóò máa jáde lọ bá a, yóò mu, yóò nu ọwọ́ àti ẹnu gbẹ, kó tó padà.

Jẹ́ẹ́dé yọjú, ó di ìbàdí mú. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Bí o bá dùbúlẹ̀, ṣé ó ń rọlẹ̀?"

"Ó ń rọlẹ̀."

"Ìtọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Kí ni tìrẹ nínú ìtọ̀ mi?"

"Dá mi lóhùn."

"Ó mọ́ gaara. Ibà kò sí, bí ìyẹn ló kàn."

"Ó lè jẹ́ èédú tí o rù lánàá. Bí kò bá lọ, jẹ́ kí wọ́n wò ọ́. Má fi àgbo wò ó."

"Dókítà onírin!" Jẹ́ẹ́dé bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ bu omi nínú àmù.

Irin yọ́ bí ẹni pé kò dì rí. Kàdírì dà á láìdúró. Nígbà tí yẹ̀pẹ̀ tutù, ó tú u, ó fi ìka kan ìkòkò náà létí. Ó dún.

"Ẹ ò tíì mu omi láti àárọ̀," Mùyìbátù pè láti ìta.

Kàdírì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì jáde lọ bá a.