Bí Ẹ̀jẹ̀ Adétutù Ṣe Sọ Mí Di Ọ̀mọ̀wé Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo fi jẹ́ ọ̀mọ̀wé láyé mi. Kó tó di ìgbà náà, agbẹ̀jẹ̀ ni mí ní làbó kékeré kan, ilé tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, mo padà sídìí abẹ́rẹ́ mi jẹ́ẹ́.

Olùwádìí kan láti Kútọnu, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ó ní kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ ènìyàn, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, apá iwájú rẹ̀ ló sì ń tú àwọn họ́móònù kan sínú ẹ̀jẹ̀. Ìránṣẹ́ ni họ́móònù: ọ̀kan ń sọ fún ọmọdé pé kó dàgbà, òmíràn ń sọ fún ọmú pé kó sun wàrà. Ti wàrà yìí là ń wá. A ó wọ̀n ọ́n lára àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, a ó sì fi wé ti àwọn obìnrin tí kò lọ́mọ lọ́wọ́.

Òfin kan ló le jù: kí obìnrin kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù a máa gbé họ́móònù náà sókè. Mo pa òfin yìí mọ́ bí èèwọ̀ ilé bàbá mi. Mo gbé aago sórí tábìlì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tí Màdáàmù wà nílẹ̀ òkèèrè ni èsì dé, ọwọ́ mi ló bọ́ sí. Ti àwọn ìyá ọlọ́mọ ga bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí kò lọ́mọ lọ́wọ́ náà ga. Ẹlòmíràn ì bá ní àṣìṣe wà níbì kan. Èmi ní rárá, àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ ló yàtọ̀ sí gbogbo obìnrin ayé, èmi sì ni Ọlọ́run fi í hàn fún. Mo ra táì. Mo dúró níwájú dígí, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oníròyìn ń bi léèrè.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ṣadé, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Àwọn ará Paríìsì."

Bó bá mọ lórí táì, ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n Adétutù wà nínú àwọn tí kò lọ́mọ lọ́wọ́, obìnrin kan láti abúlé Ofè, ọdún mẹ́fà nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Tirẹ̀ ló ga jù. Mo ti kà á pé bí họ́móònù wàrà bá pọ̀ lára ẹni tí kò fọ́mọ lọ́mú, ó lè máa dí oyún lọ́nà, ó sì lè jẹ́ pé kókó inú orí ló wú. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo ní kó máa múra Kútọnu, kí wọ́n lọ ya àwòrán inú orí rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti ń sọ nílé ọkọ rẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ló bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, orogún rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́mọ tí a kò tíì gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wà lórí àga mi, mo ń wá awò ojú mi kí n tó gún un. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá a. Orí àtàrí mi ni awò náà wà, àmọ́ mo rí ohun mìíràn. Adétutù, tó sìn ín wá, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ orogún rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú rẹ̀. Obìnrin méjì mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ojú tì mí. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá ń sunkún, obìnrin tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbé e, á sì fi ọmú sí i lẹ́nu, wàrà ì báà wà, kó má wà. Ọmú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n fi rẹ èmi náà lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ẹnu ọmọ lórí ọmú a máa gbé họ́móònù náà sókè, kódà lára ẹni tí kò bímọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mò ń fi aago ṣọ́, iṣẹ́ ìyá ni wọ́n ń fi í ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

"Adétutù, ṣé ojoojúmọ́ lò ń fún un lọ́mú?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Bàbá. Oko kajú ni ìyá rẹ̀ máa ń wà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo kọ sínú kayé, ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí wa, ni: ọmọ lọ́wọ́, kò sí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Họ́móònù náà ti wálẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Mo kọ̀wé sí Màdáàmù, mo jẹ́wọ́. Mo gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Ofè, eruku bo táì mi, mo sì sọ fún ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú orí Adétutù. Orí tó yẹ kí wọ́n yà láwòrán, tèmi ni.

Adétutù gbé ọmọ orogún rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi mọ̀ pé mò ń fún ọmọ yìí lọ́mú?"

"Ó mọ̀."

"Eré ni wọ́n ní mò ń ṣe nínú ilé yìí. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín."

Mo ṣí kayé lórí orúnkún mi. Mo fagi lé "kò sí" níwájú gbogbo wọn, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọmọ lọ́wọ́, ọ̀kan.