Òólá Nínú Àpótí Ìyàwó Mi

Lọ́dọ̀ wa, ọkọ kì í jogún ìyàwó. Bí obìnrin bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní ń pín aṣọ rẹ̀. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi kú, mo ti àpótí aṣọ rẹ̀ pa, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ankárá ló ń tà ní ọjà Adawlato. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó wá sílé wa ní Tokoin Wuiti, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo la máa tú àpótí?" Mo ní kí ó jẹ́ kí òjò dá. Òjò dá. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọbìnrin mi tó wà ní Cotonou gba ìsinmi. Ọmọ gba ìsinmi, ó wá, ó lọ. Kò bá mi jà. Ohun kan ṣoṣo ló ká a lára, sányán ìyá wọn. Ìyá wọn ló ró o lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní Kétu. Ó fún ìyàwó mi tó jẹ́ àkọ́bí, ìyàwó mi sì ti ṣèlérí pé ọjọ́ tí ọmọ àbúrò òun bá ń relé ọkọ, ọmọ náà ni yóò ró o.

Mo máa ń ṣí àpótí náà lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, kí n lè gbóòórùn ìyàwó mi. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní lise, ilé ìwé girama. Mo mọ bí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣe rí lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n òórùn naftalíìnì ló ń kọ́kọ́ gba imú mi. Ọdọọdún ni ìyàwó mi ń ra àwọn hóró funfun tó ń lé kòkòrò náà, á dì wọ́n sínú àkísà, á fi wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ kan, mo kó gbogbo wọn, mo dà wọ́n nù. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n dúró láàárín èmi àti òun. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo mú kóòtù onírun àgùntàn tí mo rà nígbà tí mo ń kàwé ní Faransé, tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láìfọ̀ láti ọdún gbọọrọ, mo tẹ́ ẹ lé orí aṣọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí aṣọ wa wà pọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ṣí àpótí, kòkòrò kékeré kan tí kò tó èékánná fò jáde. Òólá ni. Kóòtù mi ti lu jára bí ajere. Mo tú ankárá rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, nítorí òwú kì í ṣe oúnjẹ òólá. Ohun tó bá ti ara ẹ̀dá jáde ni ìdin rẹ̀ ń jẹ: irun àgùntàn, àti sányán, tí a ń fi okùn ara kòkòrò hun. Ó ti jẹ sányán náà.

Mo pe ọmọ mi lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ má fín oògùn sí i o. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú firísà fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Firísà tí ẹja wà?"

"Ẹ yára jẹ ẹja."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún sányán, mo sì sun kóòtù náà. Mo sá àwọn aṣọ tó kù sóòrùn, mo gbọ̀n wọ́n, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú àpótí, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ìdin kúrò nínú àlàfo pákó. Kò sí òólá mọ́. Òórùn ìyàwó mi náà kò sí mọ́.

Àbúrò rẹ̀ dé láti sọ pé wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun. Mo gbé sányán fún un. Ó nà án sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ojú ihò wọlé.

"Òólá," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Màmá ní kí n bá a tọ́jú ẹ̀, ó ní rárá, òun ni àkọ́bí. Àkọ́bí, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Obìnrin tí à ń wí yìí kò jẹ́ kí ọyẹ́ kan kọjá láìsá aṣọ yẹn. Lọ́dún tí àìsàn gbé e dè, orí àga ló jókòó sí tó ń sọ fún mi bí n ó ṣe tẹ́ ẹ. Mo mọ èyí. Síbẹ̀, mo ní, "Aṣọ náà ti pẹ́." Àbúrò rẹ̀ ká a, ó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá a nídìí ọjà rẹ̀. Mo dúró títí oníbàárà rẹ̀ fi lọ, mo wá sọ ọ́: naftalíìnì, kóòtù, gbogbo rẹ̀.

Ó ń ká ankárá, kò wò mí. "Ẹ wá jẹ́ kí n bú òkú."

"Mo jẹ́ kí o bú u."

"Nínú ilé ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ká ẹyọ kan sí i. "Nígbà tí ẹ kó naftalíìnì kúrò, ṣé ẹ gbóòórùn ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

Ó kọjú sí ògiri. "Ọ̀la ni mò ń bọ̀ wá tú àpótí. Ẹ má jókòó tì mí."

Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Nukafu títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo padà, ó ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. N kò béèrè.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, apá tó kù lára sányán náà kò ju ìborùn lọ. Òun ni ìyàwó fi sí èjìká. Àgbà obìnrin kan láti Kétu fọwọ́ pa á, ó ní, "Ṣé bó ṣe kéré báyìí nìyí? Àkọ́bí kò mà tọ́jú ẹ̀." Àbúrò ìyàwó mi la ẹnu láti dáhùn, ó wò mí, ó sì pa á dé.

"Ó tọ́jú rẹ̀, Màmá," ni mo wí. "Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́."