Màmá Albarka àti Ẹnjiníà Àmín

Títì tí ìjọba fẹ̀ lẹ́yìn Niger Street, Màmá Àpèkẹ́ ló bá wọn ná an. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Sabon Gari. Màmá ò ju òkúta, wọn ò sun táyà, wọn ò gba lọ́yà. Wọ́n kàn ná an ni, bí ẹni ń ná tòlótòló ọdún Kérésì.

Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣe títì pe ará àdúgbò jọ, pé kí kálukú wá sọ tẹnu ẹ̀ kí katakata tó dé. Wọ́n fi máàpù kan kọ́ ara ògiri, ó tóbi tó aṣọ ìbora. Ìlà pupa kan gba àárín ẹ̀ lọ gbọọrọ. Ó já ṣọ́ọ̀bù tí Màmá ti ń dín máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ó já igi dógóńyárò táwọn oníbàárà ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, ó sì wọ pálọ̀ wọn lọ láìkan ilẹ̀kùn.

Wùnmí, ìyàwó Dìran ọmọ Màmá, ló kọ́kọ́ rí i. Yàrá tòun tọkọ ẹ̀ ló wà lẹ́yìn pálọ̀ yẹn gan-an. Bàbá ọkọ Màmá ló kọ́ ilé náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ réluwéè, wọn ò sì nílé míì, ní Kano o, níbòmíì o.

"Màmá, ilé wa ni wọ́n fàlà sí yìí o!"

"Mo rí i. Má pariwo. Oníbàárà ló dé."

Ẹnjiníà tó ń darí ìpàdé ń jẹ́ Adétúnjí, ọmọ Ìbàdàn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, awò lójú. Kò tíì pẹ́ tó dé Kano. "Sannu" nìkan ló gbọ́ nínú èdè Hausa, ìyẹn náà, bí ẹni gbé omi gbígbóná sẹ́nu ló ń pè é. Nígbà tó rí i pé Yorùbá ni Màmá, inú ẹ̀ dùn.

"Ẹ káàsán, Màmá. A máa nílò mítà mẹ́wàá níwájú ilé yín."

Màmá wò ó láti orí dé bàtà. "Albarka."

"Àmín, Màmá!"

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbọ́ àlùbáríkà mọ̀ pé àdúrà dé, á ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú ọjà Kano, tóo bá ná nǹkan tí ọlọ́jà ní "albarka," ó ti lé ẹ nìyẹn. Rárá ló sọ, ó kàn fi ṣúgà sí i ni. Kano ni wọ́n sì bí Màmá sí, inú ọjà ni wọ́n dàgbà sí. Kí wọ́n tó mọ Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run, wọ́n ti mọ albarka.

"A máa wó ṣọ́ọ̀bù iwájú yẹn, Màmá."

"Albarka."

"Àmín o! A máa gé dógóńyárò yẹn náà."

"Albarka!"

"Àmín, àṣẹ! Títì á wá gba ibi pálọ̀ kọjá..."

"Mo ní ALBARKA!"

"Lórúkọ Jésù!"

Màmá yíjú sí Wùnmí. "Ṣé orí ẹni yìí pé? Mo ní rárá, ó ń ṣe àmín. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni!" Làwọn ará gbọ̀ngàn bá gbè é lẹ́yìn: Hausa, Ìgbò, Yorùbá, gbogbo wọn ń pariwo "Albarka! Albarka!" títí páànù òrùlé fi ń dún. Adétúnjí bọ́ awò ẹ̀, ó nu ojú. Ó pe ọ̀gá ẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀, ó ní látìgbà tóun ti ń ṣe títì, òun ò rí àdúgbò tó gbàdúrà fún iṣẹ́ báyìí rí.

Ẹ má bínú sí Màmá pé wọn ò fẹnu ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láyé wọn nìyẹn: nínáná ni. Kò sí nǹkan tí wọn kì í ná. Nọ́ọ̀sì ní, "Abẹ́rẹ́ méjì ni, Màmá." Màmá ní, "Ọ̀kan ni mo rà." Wọ́n gbé báàgì wọn, ó di ilé.

Pásítọ̀ George kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje, Màmá na ọwọ́ sókè láàárín ìjọ. "Pásítọ̀, ẹ dín in kù díẹ̀."

"Màmá, kì í ṣe tèmi. Ọlọ́run ló ní ọjọ́ méje."

"Ẹ lọ bi Í. Mélòó ni jálẹ̀?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìjọ gbà.

Wùnmí náà mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tí Dìran kọ́kọ́ mú un wálé, Màmá di apá ẹ̀ mú, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Kí ni wọ́n máa fi ṣe ènì?" Inú bí Wùnmí débi pé kò jẹ máásà tí wọ́n gbé fún un. Nígbà tó bímọ, Màmá gbé ọmọ náà sáyà, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ènì ti dé."

Lọ́jọ́ kan báyìí, ọkùnrin kan gbé ọ̀dà pupa dé, ó ya X ràgàjì sára ògiri iwájú. Màmá ká a mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí máásà lọ́wọ́.

"Ta ló rán ẹ?"

"Mama, sun ce kin yarda," ọkùnrin náà ń sún sẹ́yìn. Ó ní wọ́n ní Màmá ti gbà. Ó tún ní wọ́n ní Màmá gbà tayọ̀tayọ̀.

Màmá ò pariwo. Wọ́n lọ jókòó sábẹ́ dógóńyárò, wọ́n ń wo X. Ẹlẹ́ran kan ń kọjá, ó dúró, ó pe iye ẹran, ó gbé ara ẹ̀ kalẹ̀ fún ìjà bó ti máa ń ṣe. Màmá sanwó fún un. Bó ṣe pè é ni wọ́n ṣe san án. Ẹlẹ́ran náà dúró, ó ń wo owó, ẹ̀rù bà á. Ìgbà yẹn ni Wùnmí wọlé lọ sunkún, torí ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Wùnmí àti Màmá lọ ra ìrẹsì máásà ní Ọjà Sabon Gari. Wọ́n dé ìsọ̀ àwọn onífìlà, ariwo sọ. "Barawo! Olè!" Yàhàyá tó ń ta fìlà ti gbá ẹnì kan lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì mú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ta ni? Ẹnjiníà Adétúnjí ni, pẹ̀lú fìlà tuntun lórí.

"Mi ò jalè!" ó fọwọ́ di fìlà orí ẹ̀ mú. "Màmá, ẹ gbà mí! Mo ná fìlà, mo sanwó, mo ń lọ!"

"Ó sanwó wo?" Yàhàyá náà gbọ́ Yorùbá, Yorùbá ọjà. "Owó tí mi ò gbà! Ó jù ú lé mi lórí àtẹ, ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín!"

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Yàhàyá, ní sùúrù. Ẹnjiníà, nígbà tóo ná an, kí ló sọ fún ẹ?"

"Ó ṣàdúrà fún mi. Ó ní albarka."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní àmín."

Màmá wò ó. Wọ́n wo Wùnmí. Wọ́n bá rọra jókòó sórí àpò ìrẹsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mi wọ́n títí gèlè fi já bọ́. "Wùnmí! Wùnmí o! Ọmọ yìí ò burú! Ó gọ̀ ni!"

Bí ẹni gbé ẹrù kúrò lórí Wùnmí ló rí. Òun náà jókòó ti Màmá, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀. Yàhàyá jù ú sílẹ̀, ó la ọ̀rọ̀ yé e, pé albarka kì í ṣe àdúrà níbi tí wọ́n bá ti ń nájà. Adétúnjí ṣí fìlà.

"Ẹ̀n, Màmá... gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, tí wọ́n ń pariwo yẹn, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń lé ẹ."

Ẹ gbà á fún ọmọ náà, kò sá. Ó pe ọ̀gá ẹ̀ padà, ó gba èébú ẹ̀, ó ní kí wọ́n dá ọ̀dà dúró. Ó wá ká máàpù wá sábẹ́ dógóńyárò, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, pẹ́ńsù ló mú dání lọ́tẹ̀ yìí. Àdúgbò pé. Màmá tún gèlè wọn wé, wọ́n jókòó bí ọlọ́jà.

"Mítà mẹ́wàá," Adétúnjí ní.

"Albarka."

Kò ṣe àmín. Ó mí kanlẹ̀. "Mẹ́jọ."

"Albarka. Fi ilẹ̀ mi sílẹ̀, kóo gba ibòmíì."

Bushrat tó ń ta kóko, ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa, lódìkejì títì ló bá dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Títì yẹn há. Lọ́jọ́sí ni trélà gba àtẹ mi lọ, díẹ̀ ló kù kó gba ọmọ mi. Tí wọn ò bá fẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin á ní pálọ̀, àwa ń sá fún ikú. Tí wọ́n bá sì fẹ̀ ẹ́ láìsí ibi tí èèyàn máa gbà sọdá, bákan náà ni."

Màmá wo Bushrat, wọ́n wo ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀. Wùnmí ń wo ẹnu Màmá, torí yàrá ẹ̀ wà nínú ẹnu náà.

"Ẹnjiníà," Màmá ní, ohùn wọn ti rọ̀, "ilẹ̀ réluwéè ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún. O ò lè rọra tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún díẹ̀?"

Adétúnjí họrí. Ó fa ìlà, ó pa á rẹ́, ó tún òmíràn fà. "Tí n bá gba ilẹ̀ réluwéè, màá ṣì nílò mítà mẹ́ta níbí. Ṣọ́ọ̀bù iwájú á lọ. Igi á kù. Pálọ̀ á kù."

"Ibi ìsọdá ńkọ́? Pẹ̀lú gegele tó máa fọ́ trélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá sáré?"

"Mo fi ìyẹn ṣe ènì, Màmá."

Ará àdúgbò hó yèè. Màmá na ọwọ́. "Na sallama."

Ẹ̀rù ba Adétúnjí. Ó sún mọ́ Wùnmí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Èyí ńkọ́? Ṣé wọ́n tún lé mi ni?"

"Rárá. Wọ́n ti gbà. Bí wọ́n bá ti ní sallama, ọjà ti tà nìyẹn."

"Ṣé kí n wá ṣe àmín?"

"Ṣe é báyìí."

Ọ̀gá ẹ̀ jà, ó jà, ó fọwọ́ sí i. Títì náà dé, ó fẹ̀, ó rọra yẹ̀ fún ilé Màmá bí ẹni yẹ̀ fún àgbà lọ́nà. Màmá kó ìkòkò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n sì gba títì yẹn bíi tara wọn. Trélà tó bá sáré dé ibi ìsọdá, Màmá á na ṣíbí sí i: "Ìwọ! Mo ta ilẹ̀ fún wọn, mi ò ta ẹ̀mí!" Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, á tún tọrọ máásà.

Ara wọn wá ń rẹ̀ wọ́n ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn. Inú yàrá wọn ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, lẹ́yìn pálọ̀ tí wọ́n ná. Pásítọ̀ George wá gbàdúrà. "Màmá, ẹ ò ní kú! Ẹ máa pé ọgọ́fà ọdún láyé!"

Gbogbo yàrá ní, "Àmín!"

Màmá la ojú kan. "Albarka."

Pásítọ̀ ní, "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbàgbọ́ gbà á!" Wùnmí nìkan ló yíjú sógiri, ó ń fi ìró di ẹnu. Ẹ̀rín ló ń pa á.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Wùnmí ń fi omi nu ojú wọn. Ìró kẹ̀kẹ́ ń wọlé láti títì. Màmá di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n tún apá ẹ̀ yẹ̀ wò bíi tọjọ́ àkọ́kọ́. "O ti sanra," wọ́n ní. "Na sallama, Wùnmí."

Bí wọ́n ṣe ń gba iye ọjà nìyẹn ní Kano. Bí wọ́n ṣe ń dágbére náà nìyẹn. Wùnmí ò bèèrè èwo ni. Ó ní, "Àmín, Màmá," ó sì di ọwọ́ náà mú títí ó fi tutù.

Adétúnjí ti ọ̀nà jíjìn wá sìnkú. Fìlà Yàhàyá ló dé.

Ìjọba fún ibi ìsọdá yẹn lórúkọ kan, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó. Kò sẹ́ni tó ń kà á. "Albarka" làwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè é. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti kúrò ní Airport Road, tó ń bọ̀, onítọ̀hún á figbe ta: "Albarka! Albarka wà?" Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá dé, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Wùnmí, á dáhùn wéré: "Àmín o!"

Wùnmí kì í tún un ṣe fún wọn. Á rẹ́rìn-ín, á sọ̀ kalẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sọdá, á sì wọlé.