Íńtákúlà Tí Mo Fi Mọ́ọ̀tì Wọ́ọ̀ṣì

Tó o bá gba inú Ailegun ní Èjìgbò kọjá lásìkò òjò, òórùn tó máa kọ́kọ́ kí ẹ ni ti dísẹ́lì tó dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi nímú ju lọ́fíńdà lọ, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, lábẹ́ shédì páànù kan tó ń jò níbi mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni mo ti gba fírídọ̀mù. Ọdún tí mo gbà á yẹn, orí mi wú. Mo ti fi ìwé sílẹ̀ ní JS3, àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì wà ní yunifásítì, èmi sì ti ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí wọ́n tó jí láàárọ̀. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ tọ́bò jù mí lọ láti Èjìgbò títí dé Òkòtà. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀ o, ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ lójú tèmi nígbà yẹn, bàbá yẹn ti di èèyàn àtijọ́. Sùúrù ẹ̀ ti pọ̀ jù. Tó bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, á kọ́kọ́ nù ún ná.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi gan-an wá látọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta ẹja àrọ̀. Ará Èkìtì ni, Màmá Ẹlẹ́ja ni gbogbo wa ń pè é. Ẹja láàyè ló ń tà, inú dúrọ́ọ̀mù olómi mẹ́fà ló sì máa ń kó wọn sí, lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù kan tó dàgbà jù mí lọ, èyí tí ọkọ ẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ fún un. Tọ́bò dísẹ́lì ni. Omi wúwo, ìwọ náà mọ̀. Tí píkọ́ọ̀pù yẹn bá ti dé ẹsẹ̀ afárá tó wọ Òkòtà, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, èéfín dúdú á bo ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á gbóná, dírẹ́bà tó ń bá màmá wà á á páàkì, ẹja á sì máa kú nínú oòrùn. Ó ti sú màmá. Ọkùnrin oníkọ́ńdẹ̀mù kan, àwọn tó máa ń ra mọ́tò láti gé e wẹ́wẹ́ tà, ti sọ pé òun máa wá gbé e ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Tó bá gbé e lọ, iṣẹ́ ẹja parí nìyẹn, torí kò sí mọ́tò míì tó máa fi rọ́pò ẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló wá sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹní ń sọ ìròyìn lásán. Abẹ́ mọ́tò kan ni mo wà tí mo ti dá sí i.

"Mà, ẹ má tà á. Ẹ fún mi di Friday. Íńtákúlà ló ń fẹ́."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀. "Kúlà? Kúlà tá a fi ń gbé ìrẹsì?"

Gbogbo shédì rẹ́rìn-ín. Mo wọ́ ara mi jáde, mo nu ọwọ́, mo wá ń ṣàlàyé bíi ti tíṣà. Mo ní tọ́bò ló ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, àmọ́ bó ṣe ń tì í náà ni afẹ́fẹ́ yẹn ń gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń fẹ́lẹ́, kì í kún inú ẹ́ńjìnnì dáadáa, dísẹ́lì ò wá ní jó tán, òun ló ń di èéfín dúdú yẹn. Íńtákúlà dà bíi rédíétọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń gba inú ẹ̀, kì í ṣe omi. Tá a bá gbé e síwájú mọ́tò, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lára, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á tutù, á ki, ẹ́ńjìnnì á mí délẹ̀. Inú fóònù ni mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀, nínú fídíò àwọn òyìnbó kan, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá sì ti pọ̀, mo máa ń fò ó ni. Mo retí kí ọ̀gá mi bá mi jiyàn. Kò jiyàn. Ó ní ohun tí mo sọ yé òun, kí màmá gbé mọ́tò sílẹ̀, iṣẹ́ náà ti di tèmi.

Ọjọ́ Wẹ́sìdè ni mo rí íńtákúlà tòkunbọ̀ kan tó bá ojú ibẹ̀ mu. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ara mọ́tò tí tọ́bò ẹ̀ ti kú ni wọ́n ti tú u. Mo ní kí ló kàn mí, tọ́bò ló kú, kì í ṣe íńtákúlà. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá mi jó páìpù méjì, mo gé iwájú mọ́tò díẹ̀, mo fi bọ́ọ̀tù dè é síwájú rédíétọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Friday, ó ti jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ mọ́tò yẹn ni. Mo ń yà á ní fọ́tò kiri. Ọ̀gá mi fẹ́ lọ kírun Jímọ́ọ̀, ó ti wọ jalábíà funfun, ó dúró, ó wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́.

"Ṣé o ti wọ́ọ̀ṣì ẹ̀?"

Mo ní ó ku díẹ̀, sà. Ó na ìka sí mi. "Má tan án láì wọ́ọ̀ṣì ẹ̀ o." Ó bá tiẹ̀ lọ.

O mọ̀ wá. Tẹ́nì kan bá ra mọ́tò tàbí fóònù tuntun, kí ó tó jókòó, wọ́n á ti ní kó wá wọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ìyẹn ni pé kó ra nǹkan mímu fún gbogbo èèyàn. Mo rò ó nínú ara mi pé bàbá yìí náà ṣe wá fẹ́ràn ẹnu báyìí, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ pẹ̀lú. Mo bá lọ ra mọ́ọ̀tì tútù. Mo fún wẹ́dà, mo fún àwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà, mo tọ́jú ti ọ̀gá sínú nílọ́ọ̀nù, mo tún da díẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wẹ́dà ṣàdúrà fún mi, a ṣe àmín.

Nígbà tí ọ̀gá fi máa dé, Màmá Ẹlẹ́ja ti wà níbẹ̀, ó jókòó sórí táyà, ó gbé báàgì ẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọ̀gá bi mí bóyá mo ti wọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Mo ní mo ti wọ́ọ̀ṣì ẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ó ti gbẹ?" Mo wo àwọn ìgò tó wà nílẹ̀, kò ku ẹyọ ẹ̀kán kan nínú wọn. Mo ní, "Ó gbẹ ráúráú, sà."

Mo ṣáná sí i. Ó dún, ó dùn. Mi ò tiẹ̀ tíì dá fíltà afẹ́fẹ́ padà, ìkánjú ò jẹ́. Mo wo màmá, mo ṣẹ́jú sí i, mo wá tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìró ẹ̀ ò sọ̀kalẹ̀. Ó ń gòkè. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ó ń ké sí i, èéfín funfun bo shédì, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo pa kọ́kọ́rọ́. Kò kú. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà pátápátá, ṣe ló tún ń pariwo sí i. Màá sọ òótọ́ fún ẹ torí ọ̀rẹ́ ni wá: mo bẹ́ sílẹ̀, mo sá. Òdìkejì gọ́tà ni mo ti bá ara mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ló wọnú èéfín yẹn lọ. Ó mú pátákó kan tá a fi máa ń dá táyà dúró, ó fi dí ẹnu ibi tí tọ́bò ti ń fa afẹ́fẹ́, ó sì fi gbogbo ara tì í. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Jalábíà funfun yẹn ti dúdú láti àyà dé ìsàlẹ̀.

Ó bi mí pé kí ni mo fi wọ́ọ̀ṣì ẹ̀.

"Mọ́ọ̀tì, sà."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ lọ síbi àwọn ìgò. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà bí èèyàn ṣe ń gbé ọwọ́ lé ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná.

"Ṣé ó ti kú nìyẹn?"

Ohùn tó fi sọ ọ́ yẹn ló já mi láyà ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀gá ní kò tíì kú. Ó ní kí n tú íńtákúlà yẹn, kí n dorí ẹ̀ kodò, kí n wò ó. Mo dorí ẹ̀ kodò. Ọ́ìlì dúdú ń dà jáde, ó ń dà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì kan. Tọ́bò tó kú lára mọ́tò àtijọ́ ló ti tu gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ lè gé dísẹ́lì, àmọ́ ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń mu látinú íńtákúlà, kọ́kọ́rọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí bàbá ń bi mí láti ọ̀sán nìyẹn, bóyá mo ti fi fúẹ̀lì fọ inú ẹ̀. Mo padà wo fídíò yẹn lẹ́yìn náà. Ó wà níbẹ̀, níbi tí mo fò.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá, mo ní kó bá mi bẹ oníkọ́ńdẹ̀mù di aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì. Ó pe ọkùnrin náà lórí fóònù, ó sọ fún un pé kó má wá ní méje, kó wá ní mẹ́wàá, ó sì lọ sílé láì wo ẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo fi fúẹ̀lì fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀ títí omi tó ń jáde fi mọ́ bí omi mímu. Láàárọ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ. Ọ̀gá yẹ ẹ́ńjìnnì wò fínnífínní, ó ní kò fara pa. Nígbà tí mo fẹ́ tan án, ó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, pátákó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ó tàn. Ó dún jẹ́jẹ́, nígbà tí mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sọ̀kalẹ̀.

A pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹja níbẹ̀, mo wà á lọ sí afárá, màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní ẹsẹ̀ afárá, ó di dáṣíbọ́ọ̀dù mú. Jíà kẹta ni mo wà. Mò ń dúró de ìgbà tí màá ní láti wọ kejì. Mo wo dígí, kò sí èéfín dúdú. Abẹ́rẹ́ ooru ò mira. A dé òkè pẹ̀lú jíà kẹta, fóònù màmá sì dún. Oníkọ́ńdẹ̀mù ni, ó ti wà ní shédì.

"Má dúró mọ́," màmá sọ fún un. "Mi ò tà á mọ́." Ó pa fóònù, ó wá kọjú sí mi. "Páàkì. Bọ́ sílẹ̀, jẹ́ kí n wà á."

Kò tíì wà á pẹ̀lú ẹrù látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú. Ó yí mọ́tò padà, a sọ̀kalẹ̀, a tún gun afárá yẹn, a tún gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, láìsí ìdí kankan, omi ń dà gbàà gbàà lẹ́yìn wa. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi Èkìtì bá mọ́tò sọ̀rọ̀. Mo ṣì máa ń fọ́nnu, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo ti ní shédì tèmi ní Èjìgbò báyìí, mo sì jọ ara mi lójú dáadáa. Àmọ́ tí àgbà bá bi mí ní nǹkan, mo máa ń dáwọ́ dúró, mo máa ní báwo lẹ ṣe wí, sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ, kò sì dùn mí rárá. Ọjọ́ yẹn lórí afárá ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó síbi èrò, ẹ́ńjìnnì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ń gòkè láìsí èmi nídìí ẹ̀, mo sì rí i pé òun ló dùn mọ́ mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe.