Ihò Wẹ́wẹ́ Lẹ́yìn Ọrùn Kòkòrò

Ìyá Dàmọ́lá ni ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, n kò sì ní dárúkọ ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Aládùúgbò mi ni ní Mafoluku, òun sì tún ni ọ̀gá mi ní yàrá àyẹ̀wò kékeré kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn olóko ti ń gbé kòkòrò wá kí a lè sọ irú èyí tí ó jẹ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ń pè mí ní Tíṣà, nítorí pé bí ènìyàn bá bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta ni mo máa ń fi dáhùn.

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí obìnrin olóko ilá kan gbé ike kòkòrò wọlé láti Èjìgbò. Abẹ́ wáyà iná ńlá ni oko rẹ̀ wà, òun nìkan ni ó sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Àwọn kòkòrò náà kò ju hóró ìrẹsì lọ, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ewé ilá. Àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà ti ń pariwo pé kí wọ́n hú ilá rẹ̀, kí wọ́n dáná sun ún, kí ó má baà ràn.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Bí wọ́n bá hú u, ibo ni kí n gbà?”

Ìran méjì ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè jẹ́. Ọ̀kan ń fi ẹnu bí abẹ́rẹ́ fa omi ilá mu títí ilá yóò fi rọ. Èkejì kì í ṣe ọ̀tá olóko rárá, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ba ewé jẹ́ ni ó ń pa jẹ. Lójú lásán, wọ́n jọra bí ìbejì. Ara ni a fi ń dá wọn mọ̀: ẹ̀yìn ọrùn apanirun tẹ́jú, ó sì ní irun; ti olóore ń dán, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ojú asẹ́.

Sípíríìtì tí a fi ń tọ́jú kòkòrò ti tán lọ́jọ́ náà. Mo sáré ra ògógóró lọ́dọ̀ oníparaga òdìkejì títì, mo da àwọn kòkòrò náà sí i, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n mi. N kò kọ àwọ̀ wọn sílẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìkánjú ni mo fi mú tèmi. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ògógóró ti fa àwọ̀ ewé náà kúrò, gbogbo wọn ti pọ́n bí ìyeyè. Bẹ́ẹ̀, ìwé tí ọ̀gá wa lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé apanirun ló máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó wo ìgò, ó wo ògiri, ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n hú ilá.

Mo pè é sídìí maikirosíkóòpù. Mo ti fi kòkòrò kan sábẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ihò ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé orí sókè. “Eruku ni. Tíṣà, tó bá jẹ́ ihò lò ń wá, ṣé títì Ìsọlọ̀ ò tó ẹ ni?”

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Oṣù márùn-ún ló kù kí n fẹ̀yìn tì, òun ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé mi. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé. Olóko ilá pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń wo fóònù bó ṣe ń gbọ̀n lórí tábìlì, n kò gbé e. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n hú ilá náà tán. Nígbà tí obìnrin náà wá béèrè ohun tí a rí, Ìyá Dàmọ́lá nàka sí mi: “Tíṣà ló wò ó.” Obìnrin náà kò bú mi. Ó ní, “Ẹ ṣé o, Àǹtí,” ó sì jáde.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, bí mo bá sì gbé ilá sórí ọpọ́n láti rẹ́ ẹ, mo ṣì máa ń yí i wò kí ọ̀bẹ tó kàn án. Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé Ìyá Dàmọ́lá kò lè dìde mọ́. Mo lọ kí i. N kò ní purọ́ pé àánú ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ tí mo tò kalẹ̀ lọ́kàn kò tíì dé ìdajì tí ó fi di ọwọ́ mi mú.

“Mo rí ihò yẹn, Tíṣà. Mo ti fọwọ́ sí ìwé ni, mi ò sì lè fà á ya lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rí i, o sì mọ ọ̀nà oko obìnrin yẹn. Ta ló dè ọ́ lẹ́sẹ̀?”